Ọbẹ̀ Ẹtu tí Látúndé Dé Mọ́ Ará Ilé

“Wọ́n ní ọbẹ̀ náà ń hó, kò sì sí iná lábẹ́… Wọ́n ní ìyàwó ilé náà ni, pé ọwọ́ rẹ̀ kò… Èmi kò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún ẹni tó sọ fún mi…”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn kiri ní abúlé Ìdí-Orógbó láyé àtijọ́. Kò ní orí, kò ní ìrù, àfi ẹsẹ̀ tó fi ń sáré. Òwe kan ló bí. Àwọn àgbà máa ń wí pé, “Ẹni tó dé ọbẹ̀ gbígbóná mọ́ ará ilé, kíkan ni yóò bù fún àlejò.” A ń pa á, a sì ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ.

Àwọn àgbẹ̀ Ìdí-Orógbó ní àṣà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan jẹ olórí wọn, wọn kì í wo bí oko rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Wọn á lọ sí ilé rẹ̀ lọ́sàn-án, wọn á ní kó gbé oúnjẹ àná wá. Wọ́n ní kò sí ẹni tí kò lè se ọbẹ̀ tuntun bó bá ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Ẹni tí ọbẹ̀ àná rẹ̀ bá ṣì dùn lónìí ló mọ nǹkan í tọ́jú, òun ni a lè fi àká ìlú lé lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, oyè náà kan Látúndé. Látúndé yìí, bí eṣinṣin bá bà lé iṣu rẹ̀, á kọ́kọ́ lá ẹsẹ̀ eṣinṣin náà kó tó lé e lọ. Ṣùgbọ́n oyè dùn. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àgbà dé, ó ra ẹtu lọ́wọ́ ọdẹ, ó gbé e fún Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún méjì nílé ọkọ. Àwẹ̀ró fi ẹ̀gúsí sè é. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ yóò fi lẹ́, òórùn ọbẹ̀ ti dé ojúde, àwọn ará ilé sì ti ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìníṣẹ́. Àwẹ̀ró sọ ìkòkò kalẹ̀, ó mú ajọ̀ kó fi bò ó, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i títí yóò fi tutù. Látúndé bá a níbẹ̀.

“Kí lò ń fi ajọ̀ ṣe? Gbé ọmọrí dé e, kó le dan-in!”

“Ẹ jọ̀ọ́, baálé mi, a kì í dé ọbẹ̀ gbígbóná. Á kan.”

“Òórùn rẹ̀ ló ń pe gbogbo ayé. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bá mi jẹ oyè mi tán ni?”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé ìkòkò, ó fi aṣọ mẹ́ta wé e bí ọmọ ìkókó, ó gbé e lọ sábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò lè rìn mọ́, àwọn èèyàn kì í sábà wọ yàrá rẹ̀. Ìyá béèrè ohun tó gbé wá. Ọmọ rẹ̀ fún un lésì, ó sì jáde. Epo ni gbogbo ilé fi jẹ iṣu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró ní kí òun gbé ọbẹ̀ náà kaná díẹ̀. Látúndé ní rárá, iná yóò tún jí òórùn.

Lọ́sàn-án, àgbà márùn-ún dé, Baba Ọdẹ́jìnmí ló ṣáájú wọn. Látúndé tú aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń tú ẹrù ọba. Ó ṣí ọmọrí. Ìfófòó funfun ti bo ojú ọbẹ̀, ó ń ru sókè, ó ń dún ṣìì.

Baba Ọdẹ́jìnmí fi etí agbádá bo imú. “Látúndé, ẹtu lo sè ni, àbí ògì lo rẹ?”

Ojú ti Látúndé, ló bá na ìka sí ìyàwó rẹ̀. “Ẹ ò rí i? Ó ń hó láìsí iná! Ọwọ́ obìnrin yìí kò mọ́. Kó kó ẹrù rẹ̀, kó padà sílé bàbá rẹ̀ lónìí!”

Àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé ti gbé e sáré. Nígbà tí ìròyìn yóò fi dé ìsàlẹ̀ abúlé, ọbẹ̀ náà ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Àwẹ̀ró wà lórí ìkúnlẹ̀, kò lè sunkún. Ta ni yóò tún fẹ́ obìnrin tí wọ́n lé jáde pé ó ń ba oúnjẹ jẹ́?

Ohùn kan dún láti inú yàrá. “Ẹ gbé mi jáde.”

Wọ́n gbé ìyá Látúndé jáde, wọ́n gbé e jókòó lórí ẹní.

“Ọdẹ́jìnmí, ẹsẹ̀ mi ló kú, etí mi kò kú. Mo gbọ́ nígbà tí ìyàwó yìí ní kó má dé e. Nígbà tó gbé ìkòkò wá bá mi, mo ní, ‘Ọmọ mi, òórùn ẹran ni mò ń gbọ́ yìí.’ Ó ní, ‘Ìyá, ẹ dákẹ́. Ó sàn kó kan ju kí ará ilé yìí tọ́ ọ wò.’ Bó ṣe wí gan-an nìyẹn. N kò fi iyọ̀ sí i.”

Baba Ọdẹ́jìnmí wo inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ó mà ti kan o, Látúndé. Àdúrà rẹ gbà.” Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. “Dìde, ọmọ mi. O ò lọ síbì kankan.” Ó mú ọ̀pá rẹ̀. “Ẹni tó dé ọbẹ̀ gbígbóná mọ́ ará ilé…”

“Kíkan ni yóò bù fún àlejò,” ni àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi parí i. Wọ́n gbé oyè wọn, ó di ilé ẹlòmíràn.

Títí di òní, ẹni tó ń fi ebi pa àwọn tirẹ̀ kó lè ṣe fáàrí fún ará ìta, tí ohun tó fi pamọ́ sì wá dójú tì í, òun ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ra àga tuntun, tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó lé e títí ikán fi jẹ ẹ́. Bí onítọ̀hún bá sì fẹ́ ti ẹ̀bi náà sí ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n á ní kó yáa dákẹ́, kí àwọn má baà lọ gbé ìyá rẹ̀ jáde.