Alángbá Lọ Tọrọ Ìyàwó

—Ààlọ́ o!

—Ààlọ̀!

—Àlọ́ mi ò ya igbó, kò ya odò. Orí Alángbá ló já lé.

Ní ìgbà kan rí, Alángbá rí Àwẹ̀ró, ọmọ Akínlàbí, níbi tó ti ń sá èlùbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá bá a ṣa kòkòrò inú èlùbọ́ náà jẹ. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe wọ̀ nìyẹn. Àwẹ̀ró ní bí kì í bá ṣe Alángbá, òun ò fẹ́ ẹlòmíràn.

—Màmá, ṣé alángbá máa ń fẹ́ èèyàn ni?

—Àṣàbí, ta ló ń pàlọ́, èmi àbí ìwọ? Ó fẹ́ ẹ!

Ní ìlú wọn, ọkọ ìyàwó kì í lanu sọ̀rọ̀ níwájú àna. Alárinà ní í bá a sọ ọ́. Tirẹ̀ ni kó dọ̀bálẹ̀, kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Alángbá bá mú Ọmọńlé, àbúrò ìyá rẹ̀, pé kó wá ṣe alárinà òun. Ó di ilé Akínlàbí.

Akínlàbí jókòó, ó ń wo Alángbá. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ìgbà wo ni yóò dọ̀bálẹ̀?"

Ọmọńlé ní, "Ó ti dọ̀bálẹ̀, Bàbá."

"Bó ṣe rìn wọlé náà ló wà yẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń kí mi?"

Ọmọńlé ṣàlàyé títí, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Alángbá bá sáré gun ògiri, ó dé òkè, ó já ara rẹ̀ sílẹ̀, gbì! Àyà rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa. Akínlàbí ní ṣíṣubú kọ́ ni ìdọ̀bálẹ̀, pé ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún àna kò ní bọ̀wọ̀ fún ìyàwó. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ọkàn Alángbá bàjẹ́. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àṣà ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọge pàápàá kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ara rẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, gbogbo àwọn tó wá tọrọ mi ló dọ̀bálẹ̀ fún yín, gbogbo wọn ló sì dìde. Èyí nìkan ni kò tíì dìde rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Òun ni mo fẹ́."

Àfi bí Akínlàbí ṣe bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó bi Alángbá bóyá yóò tọ́jú ọmọ òun. Alángbá ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ó bá mi orí. Ṣé ó dá a lójú? Ó tún mi orí. Ṣé ebi ò ní pa ọmọ òun? Ó tún mì ín. Àna yẹn ò tíì bi í tán títí dòní.

—Háà! Ìdí tó fi ń mi orí nìyẹn?

—Òun náà ni. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi: àṣà dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ nílé yìí kọ́ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ nílé kejì. Ẹ má fi àṣà lé ẹni tó fẹ́ràn yín dénú lọ.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ bi alángbá ara ògiri lọ́la. Bó bá mi orí, ẹ gba màmá yín gbọ́.