Wọ́n Ní Kò Lè Wọlé

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí odò là sí méjì. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Sẹ́nétọ̀ agbègbè wọn kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ sì fẹ́ dìbò abẹ́lé láti yan ẹni tí yóò du ipò náà. Àwọn aṣojú bíi tirẹ̀ ló máa dìbò ọ̀hún.

Ẹni méjì ló jáde. Ọ̀kan ni Ìyá Olùkọ́, obìnrin tó ti rìn dé ọ́fíìsì ìjọba títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nítorí afárá ìlú tó wó. Láti ìgbà tí afárá náà ti wó, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ọmọ iléèwé fi ń sọdá, Mojí ọmọ ọkùnrin yìí sì wà lára wọn. Ẹnì kejì ni ọ̀gá kan tó ń gbé Àbújá, tó jẹ́ pé ìgbà ìbò nìkan ló ń rántí ọ̀nà ilé. Ọkùnrin yìí mọ ẹni tó fẹ́. Bí Ìyá Olùkọ́ bá dé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé afárá yóò dìde.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan, níbi tí òun àtàwọn àbúrò inú ẹgbẹ́ ti ń jẹ ẹ̀pà, ó kàn la ẹnu, ó ní, "Ó jọ pé ọ̀gá Àbújá yìí ló máa wọlé o. Ìyá Olùkọ́ ò lówó." Ó gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára, ó gbàgbé. Ẹyin lọ̀rọ̀, fífọ́ ló máa ń fọ́ bó bá balẹ̀. Èyí kò fọ́, ó di òròmọdìyẹ.

Ibì kan wà lórí fóònù tí àwọn èèyàn ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tí yóò wọlé. Bí owó bá ṣe ń bọ́ sórí ẹnì kan ni wọ́n ń gbé iye tó ń fi hàn bó ṣe lè wọlé tó sókè, nínú ọgọ́rùn-ún. Èrò ibẹ̀ kò pọ̀, owó táṣẹ́rẹ́ sì tó láti mì í. Nígbà tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ wò ó, ọgbọọgba ni àwọn méjèèjì. Nígbà tó tún wò ó, ọ̀gá ti gba àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jáde, aránṣọ sọ fún un pé wọ́n ní ọ̀gá ló máa wọlé. Ó dé etí odò, ọlọ́kọ̀ ní wọ́n ní Ìyá Olùkọ́ kò lè wọlé. Ẹ̀rù bà á, torí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun lẹ́yìn ẹni tó fìdí rẹmi.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Mojí, àwọn wo ni wọ́n yẹn?"

Ó ní, "Àwọn tó mọ̀ ni."

Ọjọ́ ìdìbò pé. Ó wo orúkọ Ìyá Olùkọ́, ó dùn ún, ó sì tẹ̀ka fún ọ̀gá. Ìbò kan ṣoṣo ni ọ̀gá fi borí.

Bí wọ́n ti padà dé, tí wọ́n ń dúró létí odò de ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé bọ̀ wálé, akọ̀wé wọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò inú ẹgbẹ́, mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Olùkọ́ lọkàn mi fẹ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti ní kò lè wọlé, ọ̀gá ni mo tẹ̀ka fún, mo tiẹ̀ ta tẹ́tẹ́ sórí rẹ̀."

Ọkùnrin náà bi í pé, "Àwọn wo ni wọ́n?"

Akọ̀wé wò ó tìyanutìyanu. "Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí a jẹ ẹ̀pà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ káàkiri nìyẹn, pé wọ́n ní ọ̀gá ló máa wọlé. Àbí ẹ fẹ́ kí n pè yín ní 'ó' ni?"

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Mojí ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé bàtà iléèwé rẹ̀ sórí kó má baà tutù, ó sì kí bàbá rẹ̀ pé ẹ kú ìdúró.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, kò burú kí o mọ ibi tí ayé ń dà sí. Ṣùgbọ́n kí o tó fi ohun tí ọkàn rẹ mọ̀ sílẹ̀ nítorí "wọ́n ní", kọ́kọ́ béèrè àwọn tó ń jẹ́ 'wọ́n' yẹn. Bí o bá tọpa rẹ̀ dé ìdí, ó lè jẹ́ ìwọ fúnra rẹ ni wàá bá níbẹ̀, tí o jókòó, tí o ń jẹ ẹ̀pà.