Mẹ́sàn-án Méjì Nínú Ìwé Ìyá Agbẹ̀bí

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mosúnmọ́lá kò bèèrè, gbogbo abúlé wa ló sì bá a ṣìnà.

Òun ni akọ̀wé tuntun nílé ìgbẹ̀bí wa. Oṣù kan péré ló fi kọ́ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò ìwọ̀n àwọn ọmọ jòjòló. Bó ṣe ń da ìwé Ìyá Agbẹ̀bí kọ sínú ẹ̀rọ, ó bá 99 níwájú orúkọ ìyá mọ́kànlá. Ọmọ wo ló wúwo tó bẹ́ẹ̀? Ó rò pé ọwọ́ arúgbó ló gbọ̀n, ó yọ 9 kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Ìyá wà ní yàrá kejì, ó ń ká aṣọ.

Ẹ̀rọ ní àwọn ọmọ wa sanra ju ti abúlé yòókù lọ. Wàrà ọmọdé tí ìjọba ń pín fún abúlé tí ọmọ wọn kò sanra, tí à ń retí, bá gba ibòmíràn lọ.

Nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí gbọ́ ohun tí ó ṣe sí 99 náà, ó rọra jókòó.

"Mosúnmọ́lá, ta lo bi?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mo rò pé ẹ ṣì í kọ ni."

"N kò ṣì í kọ. Àmì àwọn ọmọ tó kú kí n tó gbé wọn lé òṣùwọ̀n ni. Ọwọ́ mi kò gbà á láti kọ ikú síwájú orúkọ abiyamọ."

Mosúnmọ́lá padà sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú omijé. Ó ń ka orúkọ àwọn ìyá náà sókè, ó ń pa 9 rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ tèmi ló ṣìkẹfà.