Ìdí Tí Àgùnfọn Fi Ń Ya Ẹsẹ̀ Mu Omi

Àríkẹ́ àti ìyá àgbà rẹ̀ dúró níwájú àgùnfọn nínú ọgbà ẹranko. Òùngbẹ ń gbẹ àgùnfọn. Ó ya ẹsẹ̀ iwájú kan sọ́tùn-ún, ó ya èkejì sósì, ọrùn gígùn wá ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àríkẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà ní, "Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ tí o kúnlẹ̀ ààbọ̀ kí bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà láàárọ̀ yìí! Gbọ́ ohun tó ṣe é."

Nígbà láéláé, nígbà tí orúnkún àgùnfọn ṣì rọ̀, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ létí odò mu omi. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Ìfẹ́ Àdùkẹ́, ọmọ Ìmàdò, wá kó sí i lórí. Kò lè jẹun, kò lè sùn. Ó fi osùn kun ara rẹ̀ ní àmì-àmì, ó sì lọ tọrọ ìyàwó kí osùn náà tó gbẹ.

Ìmàdò jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹsẹ̀ kúkúrú, ikùn ńlá.

"Dọ̀bálẹ̀ kí n rí ọ," ló wí.

Àgùnfọn wo ilẹ̀, eruku ni. Ó wo osùn ara rẹ̀, àánú osùn ṣe é. Ló bá ya ẹsẹ̀, ó tẹ orí wálẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá."

"Àyà ńkọ́?"

"Àyà ń bọ̀ lẹ́yìn, Bàbá. Orí ló máa ń ṣáájú."

Àdùkẹ́ yọjú láti inú ilé. "Jọ̀ọ́, dọ̀bálẹ̀! Bàbá mi kì í gba ààbọ̀."

"Osùn mi á bàjẹ́!"

Inú bí Ìmàdò gidigidi. "Ṣé osùn lo wá fẹ́ ni, àbí ọmọ mi? Ó dáa. Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún àna, omi ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ fún lójoojúmọ́."

Orúnkún àgùnfọn gan paali. Ó fẹ́ dìde, kò ṣeé ṣe. Àwọn àbúrò Àdùkẹ́ ló tì í nídìí títí ó fi nàró. Kó tó bojú wẹ̀yìn, Àdùkẹ́ ti ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni osùn ti gbẹ mọ́ àgùnfọn lára, tí kò sì lè mu omi láìya ẹsẹ̀. Ara dára, ìyàwó kò sí.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Àríkẹ́ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí bàbá ẹnu ọ̀nà. Ó wò yíká, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ló bá tún kúnlẹ̀ kí ògòngò tó wà nítòsí.

"Dìde jàre," ni ìyá àgbà wí. "Ògòngò kì í ṣe àna ẹ."