Ẹbọ Àwọn Alátìlẹ́yìn Ọ̀kẹ́rẹ́ Ìdóṣù

Ìdààmú bá Fẹ̀hìntọlá, ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní oríta Ìdóṣù. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ìyàwó rẹ̀ á pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Kì í ṣe àìsàn ló fa ìdààmú náà, kì í ṣe àìríbímọ, kì í sì ṣe ọ̀tá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló fà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún fún àwọn ènìyàn, mo sì ti rí i pé ohun tí ènìyàn bá fi gbogbo ọkàn fẹ́ ni í pa á lẹ́kún, ìbáà jẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ Ìdóṣù ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé tí wọ́n ti ń fọ́ èkùrọ́ ló dá a sílẹ̀, nítorí pé ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyìn kì í jìnnà síra wọn. Àwọn ọmọ ìlú ló ń gbá a. Wọn kò ga, ṣùgbọ́n ara wọn yá. Apá ọ̀tún pápá ni wọ́n máa ń gbà lọ, wọn a máa ta bọ́ọ̀lù síra wọn lẹ́sẹ̀ wéré wéré, bí ó bá sì ti wọ àwọ̀n, gbogbo ìlú a gbé e pé, "Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá." Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà kan. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, fóònù kò tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà rúni lójú ni pé bí wọ́n bá lọ sóde, wọ́n ń borí. Ilé ni wọ́n ti ń ṣubú.

Olóyè Ògúnrántí, olówó igi gẹdú, ni alága tó ń ná owó sórí ẹgbẹ́ náà. Ó ní orúkọ ló ń bá wọn jà. Ó ní ta ni yóò bẹ̀rù ọ̀kẹ́rẹ́? Ó fẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ Kìnnìún Ìdóṣù, kí wọ́n pa jẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ilẹ̀ wọn tì, kí wọ́n wọ pupa. Ó sì fẹ́ ra atamátàsé kan wá láti olú-ìlú. Owó tí ó fẹ́ fi rà á ni owó òrùlé, èyí tí àwọn alátìlẹ́yìn ti fi ọdún mẹ́fà dá jọ láti fi páànù bo orí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń jókòó sí ní pápá. Kò lè fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn gbà. Ìpàdé ìfọwọ́sí di ọjọ́ Àìkú.

Fẹ̀hìntọlá ni olórí ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn náà, nítorí pé orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń ka ìwé ìròyìn tí wọn kì í rà, tí wọ́n sì ti ń jiyàn. Ogójì ni wọ́n, láìka òun fúnra rẹ̀. Ogún wọn fẹ́ Kìnnìún. Ogún wọn kò fẹ́ ẹ. Ládèjọbí télọ̀ ló ṣáájú àwọn tó fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ òun àti Fẹ̀hìntọlá ti ń jẹun nínú àwo kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ kiri. Ní báyìí wọn kì í kíra wọn mọ́.

Èyí tó burú jù ni pé Fẹ̀hìntọlá kò mọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Bí ẹnì kan bá ní, "Bí a bá yí orúkọ padà, tí a yí aṣọ padà, tí àlejò ń gbá a, kí ló wá ku ti Ìdóṣù nínú rẹ̀?" a mi orí, a ní òótọ́ ni. Bí ẹlòmíràn bá ní, "Ta ni kò fẹ́ borí? Ṣé orúkọ la fẹ́ jẹ ni?" a tún mi orí. Ó ń fi ọkàn kan bínú sí Olóyè, ó sì ń fi ọkàn kejì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń náwó. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò dá ọ̀rọ̀ náà láàárín ogún àti ogún, èyíkéyìí tí ó bá sì yàn, ìdajì àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí ẹni tí ó jí sílé onílé.

Ó jókòó lórí ẹní. Ó mú owó díẹ̀ sún mọ́ ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i, ó gbé e kalẹ̀.

"Ìyá," ni ó wí, "ṣé kí n fọwọ́ sí i ni, àbí kí n má fọwọ́ sí i?"

Mo da owó ẹyọ sórí àtẹ. Mẹ́fà ṣíjú, ó di odù Ọ̀bàrà. Mo bèèrè bóyá kí ó fọwọ́ sí i, wọ́n ní rárá. Mo bèèrè bóyá kí ó má fọwọ́ sí i, wọ́n tún ní rárá. Mo tún un dà, ọ̀kan náà ni. Ó wo ojú mi, èmi náà wo tirẹ̀.

"Kò yé mi, Ìyá."

"Kò yé èmi náà," ni mo wí. "Jẹ́ kí n ki ohun tó wà nílẹ̀ fún ọ."

Mo sì kì í báyìí:

Ẹnu kò lẹ́sẹ̀, kò lè dé pápá;
Etí kò lójú, kò rí ẹni tó ṣubú;
Ohun tí a kò bá lọ wò, bó ti wù wá la ń sọ ọ́ dà;
A dá a fún ọ̀kan tí ń ṣe méjì,
Tí méjèèjì kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bí mo ti kì í tán ni ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn. N kò mọ bọ́ọ̀lù, nítorí náà ojú kò tì mí láti bèèrè ohun tí ọmọdé ìbá bèèrè.

"Fẹ̀hìntọlá, ìgbà wo lo lọ wò wọ́n kẹ́yìn?"

Ó ka ìka rẹ̀. "Ó tó ọdún mẹ́ta, Ìyá."

"Àwọn ogójì ńkọ́?"

"Bákan náà ni. Orí pèpéle pápá kò lórùlé, òjò ń pa wá. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò sì mọ̀ ọ́n sọ, ó ń dùn ju wíwò lọ. Orí bẹ́ǹṣì mi la ti ń gbọ́ ọ."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ bínú. Ogójì ọkùnrin ló ń pín ìlú sí méjì lórí ohun tí ojú wọn kò tó láti ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo wí fún un pé ẹbọ ni ọ̀nà: ẹyẹlé méjì, obì àbàtà mẹ́rin, ẹ̀kọ àti èkuru tí yóò tó gbogbo wọn jẹ. Kí wọ́n gbé e lọ sí pápá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn ogójì jókòó jẹ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n wo bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wọ́n má gbé rédíò dání. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Olóyè, tàbí owó, tàbí Kìnnìún, títí fèrè yóò fi dún kẹ́yìn.

"Kí wọ́n má jiyàn?" Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. "Ìyá, ẹyẹlé rọrùn. Èyí le."

"Òun gan-an ni ẹbọ. Àwọn ìyókù, oúnjẹ ni."

Ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún gbogbo wọn. Ogún gbà, wọ́n ń kùn ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ládèjọbí gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá tí kò mọ ọ́fúsáìdì ló fẹ́ kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù. Ẹ lọ jẹ èkuru yín. Àwa mọ ohun tí à ń sọ." Wọ́n ránṣẹ́ sí Olóyè Ògúnrántí náà. Ó gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò lè fi ẹyẹlé ra atamátàsé, ó sì ní kí awakọ̀ máa lọ.

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta náà, ó dá lọ́sàn-án. Fẹ̀hìntọlá àti ogún ènìyàn rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù, wọ́n pín ẹ̀kọ àti èkuru, wọ́n pa obì. Kò rọrùn fún wọn. Ẹnì kan ń fi eyín di ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí ó má bàa sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wá rí i. Àwọn ọmọ náà gba apá ọ̀tún lọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà Ọ̀kẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù ń lọ lẹ́sẹ̀ dé ẹsẹ̀, ó ń dùn ún wò, àfi bí ó ti dé ìdí pèpéle tí ó wọnú omi tí ó sì dúró. Adágún kan ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àgbàlá ilé. Abégúndé, atamátàsé tí wọ́n ti bú lórí bẹ́ǹṣì fún ọdún mẹ́ta pé ó gọ̀, ń dúró ní àárín, ó ń nawọ́, bọ́ọ̀lù kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó sá wọ inú omi náà fúnra rẹ̀ láti lọ fẹsẹ̀ wú u jáde, ẹrẹ̀ sì gbé e ṣubú. Ní wákàtí kan náà, ní oríta, rédíò wí pé, "Abégúndé tún ti ṣubú o," Ládèjọbí àti àwọn tirẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ pé ẹ ò rí i, à ń wí.

Ìdóṣù fìdí rẹmi pẹ̀lú góòlù kan sódo. Nígbà tí fèrè dún kẹ́yìn, ẹnu wà ní òmìnira, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lò ó. Fẹ̀hìntọlá sọ̀kalẹ̀, ó tẹ̀lé omi náà láti pápá padà sí orísun rẹ̀. Gọ́tà ìdí pèpéle ti wó. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sórí àtẹ̀gùn tí kò lórùlé, inú pápá ló ń dà sí, ní apá tí àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá. Àwọn tó sá fún òjò kò mọ ibi tí òjò náà ń lọ. Fẹ̀hìntọlá dúró sínú ẹrẹ̀, ó sunkún, nítorí gbogbo èébú tí ó ti bú ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọjọ́ Àìkú ó kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ní kí owó òrùlé lọ sórí òrùlé, kí wọ́n sì tún gọ́tà mọ. Ládèjọbí ní irọ́ ni, ó ní bí omi bá wà níbẹ̀, rédíò ìbá ti sọ. Olóyè dìde pẹ̀lú ìbínú. Ó kó Ládèjọbí àti àwọn tirẹ̀ lọ sí Òkè-Àfà, ìlú tó múlé gbè wá, ó fi owó ara rẹ̀ dá Kìnnìún sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ra atamátàsé rẹ̀. Ọkùnrin náà gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́rin, ó rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ san owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un, ó lọ. Olóyè padà sí ìdí gẹdú. Àwọn ogún náà kò ní ẹgbẹ́ kankan mọ́, Ìdóṣù ni wọ́n sì ń sùn.

Àwọn tó kù fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ gọ́tà, wọ́n kan páànù. Pápá gbẹ. Ní ọdún kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ nílé ara rẹ̀. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ náà pẹ̀lú, gbogbo ìlú sì wà lábẹ́ òrùlé. Bọ́ọ̀lù gba apá ọ̀tún wá, ó bọ́ sẹ́sẹ̀ Abégúndé, ó wọlé. Mo bi Fẹ̀hìntọlá lẹ́yìn náà bóyá ó ti wá mọ ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́, bóyá orúkọ ni, tàbí aṣọ, tàbí àwọn ọmọ ìlú. Ó ní òun kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní ó ṣì ń rú òun lójú, ṣùgbọ́n òun ń sùn dáadáa.

Ládèjọbí kò lọ sí pápá lọ́jọ́ náà. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó lọ. Ó jókòó ní oríta lórí bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kò sí mọ́, rédíò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ariwo ìlú ta láti pápá kí ọ̀gbẹ́ni rédíò tó lanu sọ pé ó wọlé. Ó dìde pẹ̀lú ayọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí yóò dì mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ó wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀.

"Ìyá," ni ó wí, "Fẹ̀hìntọlá ti dárí jì mí, a ti jẹun pọ̀ lánàá. Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá. Gbogbo wọn ló ń sọ bí bọ́ọ̀lù yẹn ṣe wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń sọ tirẹ̀. Ṣé ẹbọ kan wà tí ènìyàn lè rú, kí ó fi rí èyí tí wọ́n ti gbá tán?"

N kò fi í ṣẹ̀sín. Mo da owó ẹyọ náà fún un, mo tún un dà, mo tún un dà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Kò sí," ni mo wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí ní Ìdóṣù. Ẹni tó gbọ́ tó sì rú u, ojú rẹ̀ ló fi rí ire. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín, ire náà dé ìlú rẹ̀, etí ló fi gbọ́ ọ.