Ìjàpá Ògbufọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Àjèjì

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tí ẹ̀rù bá tètè ń bà kó di ìró ìyá rẹ̀ mú. Àlọ́ mi ré kọjá odò, ó ré kọjá àbàtà, ó já lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lórí. Ó tún já lé Ẹtu lórí, opó tó ní ọmọ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Mọrẹ́nikẹ́.

Àjèjì kan ló dé sí etí igbó àwọn ẹranko, òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n pàgọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìbọn dún gbàù! Ẹfọ̀n tí gbogbo igbó ń sá fún ṣubú gbìì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ní àràárọ̀, wọn a gbọ́ ohùn àjèjì náà láti inú kùrukùru: "Fáyà!" Èdè òyìnbó ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ìjàpá ní òun gbọ́ ọ, pé ìdí àdògán òyìnbó létí òkun lòun dàgbà sí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí eèrà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní iṣu ló ń bèèrè. Wọ́n kó iṣu jọ, Ìjàpá ní òun nìkan ni yóò bá wọn gbé e dé àgọ́. Ó tún dún, ó di ẹ̀pà. Ó tún dún, ó di oyin. Wọ́n ń kó o fún un, Ìjàpá ń sanra.

Nígbà tí oúnjẹ tán nínú igbó, ó wá bá Ẹtu lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọ tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀ ló ń fẹ́ báyìí."

"Ọmọ ta ni?"

"Tìrẹ mà ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí oòrùn bá ti yọ, mò ń bọ̀ wá mú un."

Ẹtu fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó ti ná ọjà níbi tí kò ti gbédè wọn rí. Bí etí ò bá gbọ́, ojú a máa ríran. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó kọrí sí àgọ́. Ẹ bá mi gbè é:

Igbó dákẹ́ o,
*Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́.*
Àjèjì gbébọn dání,
*Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́.*
Ọmọ mi kan ṣoṣo,
*Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́.*
Wọ́n láwọn fẹ́ gbà á,
*Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́.*

Ó lúgọ sẹ́yìn igi. Àjèjì jáde. "Fáyà!" Ọmọ ọ̀dọ̀ ṣa igi gbígbẹ, ó dáná. Ó tán. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀nà fún ẹrù kankan. Ẹtu wo ilẹ̀: kò sí èèpo iṣu, kò sí èèpo ẹ̀pà. Ta ló jẹ ẹ̀pà odidi agbọ̀n tí èèpo rẹ̀ kò sí nílẹ̀? Ó rọra padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá kọjá. Èèpo ga dé ojú fèrèsé. Ìkòkò ńlá kan wà lórí iná, omi rẹ̀ ń hó kutukutu, kò tíì sí ẹran nínú rẹ̀.

Ẹtu lọ pe àwọn ẹranko, ó fi hàn wọ́n. Nígbà tí Ìjàpá dé láti mú ọmọ, wọ́n ní àwọn yóò sìn ín dé àgọ́. Ó ní inú ń run òun. Wọ́n ní kó fi èdè òyìnbó rẹ̀ wo ara rẹ̀ sàn.

Etí àgọ́ ni Ẹtu ti dá a dúró. Ó ní, "Ògbufọ̀, máa lọ níwájú. Bá a sọ̀rọ̀ ká gbọ́."

Wọ́n tì í síta gbangba. Àjèjì wò ó. Ọmọ ọ̀dọ̀ gbé ìbọn, ó ń dúró de ohun tí wọn yóò ní kó ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Ìjàpá, òun náà ló fi kígbe:

"Fáyà!"

Gbàù!

Ọta họ ẹ̀yìn rẹ̀ gààrà. Ó fa orí wọlé wọ̀ọ̀. Àwọn ẹranko fọ́nká wọ igbó ńlá lọ, Mọrẹ́nikẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń fa orí wọlé bó bá gbóhùn èèyàn.

Kò kúkú purọ́ tán. Fáyà ni iná ìdáná, fáyà náà ni kí wọ́n yìnbọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Òun ni kò mọ ẹyọ kan.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi má tọ́ iyọ̀ wò lónìí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ká má purọ́ pé a mọ ohun tí a kò mọ̀. Ẹ̀yin náà, bí ẹnìkan bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún yín, ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.