Ògúnkọ̀yà àti Awò Orí Òkè Kọjúsánmà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n tí etí yín kì í di sí ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Ìyanu pọ̀ nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọn eruku irọ́ ara rẹ̀ dànù. Ohun tí tẹrú-tọmọ ń sọ ni pé Ògúnkọ̀yà fi àáké fọ́ awò ńlá tó gbé oòrùn mì, pé oòrùn bọ́ jáde, ìyàwó rẹ̀ sì bímọ sínú ìmọ́lẹ̀. Ó dùn bí oyin, ṣùgbọ́n adùn kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn onímọ̀ tí ń gbé orí Òkè Kọjúsánmà, tí wọ́n ń fi awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú ṣọ́ ìrìn oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, ni wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú pé: "Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, oòrùn yóò ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ gòkè wá, tọmọdé tàgbà, kí a fi ìdí rẹ̀ hàn yín." Àfi bí ẹni sọ òkò sílé agbọ́n! Ìlú ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹni tó mọ ọjọ́ ikú oòrùn, òun náà ni yóò fi awò rẹ̀ pa á. Ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé ọmọ tí a bá bí nígbà tí oòrùn kú kò ní í yè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà náà gan-an ni Ìbíwùmí, aya Ògúnkọ̀yà, bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Ọkọ rẹ̀, akọni ọdẹ, apẹkùn-má-mikàn, kò lè jókòó, kò lè dúró; ó ń lọ síwá sẹ́yìn bí ẹran tó fẹ́ já okùn, títí ó fi gbé àáké kọ́ èjìká, tó sì kọjú sí òkè. Ó la igbó tí àwọn igi ibẹ̀ ń kérora bí abirùn já, ó wọ ilẹ̀ ìkùukùu níbi tí ọ̀run àti ilé ayé ti ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí, ibẹ̀ sì ni iwin Afìkùukùubora, olójú mẹ́fà tí kò ríran, ti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Ọdẹ, ta lo ń lọ pa?"

"Awò tí yóò pa ọmọ mi ni."

Iwin rẹ́rìn-ín títí òkúta fi ń yí. "Ṣé àkùkọ tó kọ ló bí òwúrọ̀? Máa lọ, ọkọ aboyún. Ẹsẹ̀ rẹ yá ju ọgbọ́n rẹ lọ!"

Lórí òkè, Àjíún, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ náà, tí ewú orí rẹ̀ funfun bí òwú tó là, jáde pàdé rẹ̀.

"Ẹ kúrò lọ́nà, Ìyá, kí n fọ́ awò yín kí ọ̀sán tó pọ́n!"

"Fọ́ ọ, ọmọ mi, a ó ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n wo ojú rẹ̀ ná. Àlejò là ń dúró dè, a kò tíì ṣí i. Ohun tó dijú, báwo ni yóò ṣe gbé oòrùn mì?"

Kí ó tó dáhùn, òjìji bo òkè, afẹ́fẹ́ tutù, awò sì dijú síbẹ̀. Ògúnkọ̀yà sọ àáké rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni Àjíún ṣí awò, kò jẹ́ kó fi ojú lásán wo oòrùn, ó da àwòrán oòrùn sórí aṣọ funfun, ọdẹ sì rí òṣùpá tó ń gba iwájú oòrùn kọjá bí èrò tó gba ẹnu ọ̀nà ẹni lọ sóko.

"Ọmọ mi ńkọ́?" ni ó bi í.

"Òṣùpá wo ló mọ ilé rẹ?"

Ìmọ́lẹ̀ padà, ọdẹ sì sáré sọ̀kalẹ̀ bí àgbàrá. Kò fọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ará ìlú gòkè lọ wo awò náà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe sọ akìlọ̀ di apani: ẹni tó rí ohun tó ń bọ̀ kọ́ ló rán an níṣẹ́. Ní ti ọmọ náà, tó dàgbà títí tó fi rí ọmọ-ọmọ, àwọn tó sọ pé inú ìmọ́lẹ̀ ni a bí i kò bi agbẹ̀bí léèrè. Oòrùn kò tíì padà nígbà tí ọmọ ké. Àtùpà ni agbẹ̀bí tàn lọ́sàn-án gangan kí ó tó rí ìwọ́ rẹ̀ gé.